Bí ẹ bá fẹ́ kí òfin ìdìbò kọjá, ẹ wá orúkọ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa bí ogójì kóra jọ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, a gbé pátákó dání, a ń kọrin lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi, níbi tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà. Oòrùn pa wá bí ẹni máa kú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bu omi fún wa, ó ní Ọnọ́rébù ò sí níbẹ̀. A padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó rántí pé a wá rí. A ò kúkú fi ìwé kankan sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń ti àbá òfin ìdìbò lẹ́yìn títí tí yóò fi dòfin.

Kò wọ́pọ̀ kí aṣòfin dìde kó ní òun ò fẹ́ kí ìbò mẹ̀kúnnù níyì. Àbá òfin a kàn wọ ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹẹ́kótó, a sì sùn síbẹ̀ títí sáà ọdún mẹ́rin á fi tán. Bó bá tilẹ̀ jí, ohùn ni wọ́n sábà máa ń fi dìbò lé e: àwọn kan á pariwo "bẹ́ẹ̀ ni", àwọn kan á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", alága á lu òòlù. Ta ló sọ èwo? Ẹ lọ bi atẹ́gùn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀rọ fi èsì ìdìbò ránṣẹ́ ló wà nílẹ̀ nílé aṣòfin àgbà l'Ábùjá. Wọ́n mú àbá kan wá pé kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, má ṣe é, àfi bí àjọ NCC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù bá jẹ́rìí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká gbogbo ilẹ̀ yìí, tí ilé aṣòfin náà sì fọwọ́ sí i. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ní kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú sọ tiẹ̀. Wọ́n pè é. Àwọn 52 fara mọ́ ìdènà yẹn, 28 kọ̀ ọ́, 28 ò sí níjòókòó.

Wọ́n fẹ̀yìn wa balẹ̀ lọ́jọ́ náà o, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde, títí kan ti àwọn tó sá fún ìbò. Àwọn aráàlú ń bi sẹ́nétọ̀ wọn léèrè ní orí WhatsApp, lórí rédíò, nílé ayẹyẹ. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ilé kan náà yí ohùn padà, wọ́n ní kí INEC fúnra rẹ̀ pinnu.

Nílẹ̀ Ìbàdàn níbí, a ní irinṣẹ́ tí ará Ábùjá ò ní. Mo wà lọ́dọ̀ Mọ́gàjí kan, olórí agbo ilé, lọ́jọ́ kan tí wọ́n pe Ọnọ́rébù lórí fóònù níṣojú wa.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ ṣàdúrà fún wa."

"Àdúrà ń bẹ. Ìwé táwọn ọmọ yìí mú wá bá ọ, ṣé wàá dìbò fún un àbí o ò ní dìbò fún un?"

Ọnọ́rébù ní òun ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní, "Ọjọ́ wo lo máa yẹ̀ ẹ́ wò tán?" Ó dá ọjọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé yẹn náà, ojú ewé kan ni. Nọ́ńbà àbá òfin, abala tó ń dùn wá, ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti déètì sára tiyín. Bí akọ̀wé ò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ jókòó.

Bó bá wá kọjá nílé méjèèjì ńkọ́? Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Wọ́n ṣe é fún Ọbásanjọ́ lọ́dún 2000 lórí òfin NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pariwo pé kí wọ́n ṣe é, ẹ ka orí ná. Ní oṣù Kejìlá 2021, Bùhárí kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin ìdìbò torí abala tó sọ ìbò abẹ́lé tààrà, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò yan olùdíje, di dandan fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn kan ní kí a jà á. Èmi ní kí a yọ ọ́ sọnù, kí a gba èyí tó kù. Àwọn aṣòfin tún abala náà ṣe, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì 2022. Àwọn kan ṣì ń bínú sí mi dòní lórí ìyẹn, wọn ò jẹ̀bi.

Àkókò náà tún wà ńbẹ̀. Lóṣù Kejìlá 2018, nígbà tí Bùhárí kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin ìdìbò ìgbà yẹn, àwáwí tó rí ni pé ìdìbò ọdún 2019 ti sún mọ́ jù. Ọdún tí ìdìbò bá parí gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ò tíì fọ pátákó ìpolongo tán ní Ring Road. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ò ju pé kí ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀: ẹni tó ń ṣojú yín l'Ágodi, àti méjì l'Ábùjá. Ẹni tí ẹ ò bá mọ̀ nínú wọn, ẹ bi Mọ́gàjí yín.