Ihò abẹ́ òkúta òrùka kì í ṣe olè

Ẹni tó bá ra òrùka olókùúta tó sì yí i dojú dé yóò rí ihò lábẹ́ òkúta náà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: "Alágbẹ̀dẹ ti gé nínú góòlù mi." Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn oníbàárà ti ń fura sí alágbẹ̀dẹ góòlù, ìfura náà kò sì ṣàìnídìí, torí ta ló mọ iye tó kù sínú ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ? Àmọ́ ti ihò yìí yàtọ̀. Lára òrùka dáyámọ́ńdì, ìgbà tí kò bá sí ihò ló yẹ kéèyàn béèrè ìdí.

Bí wọ́n ṣe ń yọ́ góòlù, tí wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ roboto, ẹni tó bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ rí ti mọ ìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni bí òkúta ṣe ń jókòó.

Òkúta ló ń wọlé gbẹ̀yìn. Góòlù pọ́nńbélé kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 1,064°C, nítorí náà iná tí wọ́n fi ń jó apá òrùka kan mọ́ èkejì kì í ṣe iná yẹpẹrẹ. Dáyámọ́ńdì, rúbì àti sáfáyà lè fara da díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Tọ́málíìnì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Òkè-Ògùn tó sì ń dé ọjà Òjòó n'Ìbàdàn, lè là tí ooru bá gbà á lójijì. Émérálídì tún ṣẹlẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi òróró dí àwọn ìlà inú rẹ̀ kó lè mọ́, iná á sì lé òróró náà jáde. Gbogbo jíjó, àti rírì sínú ásíìdì láti bó dúdú tí iná mú wá, ní láti parí kí òkúta tó débẹ̀. Ní tútù ni wọ́n ń de òkúta mọ́lẹ̀. Kò síná, kò sí gọ́ọ̀mù. Kí ló wá dì í mú?

Góòlù náà fúnra rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ló ń dúró sí. Ọ̀pá góòlù tín-ín-rín mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní èékánná, ló ń yí òkúta ká. Nínú èékánná kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi bíìtì kékeré gbẹ́ ojú kan tí ìbàdí òkúta, ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀, yóò wọ̀. Tí ojú náà bá jìn ju ìdajì èékánná lọ, èékánná yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Tí kò bá jìn tó, òkúta á máa mì.

Tó bá wá kan títẹ̀, iṣẹ́ fọkanáísà ló kù. Kò sí fọkanáísà tó mọṣẹ́ tó ń de nọ́ọ̀tì táyà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Yóò de ọ̀kan díẹ̀, yóò sọdá sí èyí tó kọjú sí i, yóò tún padà, kí wíìlì má bàa fì sí apá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tẹ èékánná, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kò sí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fọkanáísà tó bá fi gbogbo ara de nọ́ọ̀tì lè já bóòtù. Ẹni tó bá fi gbogbo ara tẹ èékánná, òkúta ló máa fọ́, torí ibi ìbàdí yẹn máa ń tínrín. Bí awakọ̀ sì ṣe yẹ kó yẹ nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ èékánná wò, pàápàá tó bá ti ń kọ́ aṣọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yapa ni pé nọ́ọ̀tì ṣe é tú, ṣe é dè padà. Èékánná tí wọ́n bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn á ṣẹ́.

Kárátì 24, ìyẹn góòlù pọ́nńbélé, kò dáa fún èékánná: ó rọ̀ jù, aṣọ lásán lè fà á ṣí. Kárátì 18, èyí tí wọ́n ń lu 750 sí nínú, jẹ́ góòlù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bàbà àti fàdákà ló sábà máa ń wà nínú ìyókù, àwọn ló ń fún un lágbára. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní jìbìtì kò tíì wá òkúta tó já bọ́ nínú kápẹ́ẹ̀tì rí.

Ihò wá ńkọ́? Wọ́n gé dáyámọ́ńdì lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ á fi gba orí rẹ̀ wọlé, á lu ẹ̀yìn, á sì padà sójú ẹni tó ń wò ó. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà lẹ́yìn òkúta. Tí ìpara tàbí òróró bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ á gba ẹ̀yìn sá lọ, òkúta á ṣú. Dáyámọ́ńdì sì fẹ́ràn ọ̀rá ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń wà á tiẹ̀ ti fi ìyẹn mú un: wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi kọjá lórí tábìlì tí wọ́n fi gíríìsì pa, dáyámọ́ńdì á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyókù á bá omi lọ. Ohun kan náà ló ń ṣe lórí ìka tó ń fi ìpara para. Ihò yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gbà dé ẹ̀yìn òkúta.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù àtijọ́ máa ń dí ẹ̀yìn òkúta pa, wọ́n á tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán sábẹ́ rẹ̀. Ó dára títí omi fi máa wọbẹ̀, tí irin náà á sì dúdú. Ní 1886, Tiffany, ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ní New York, gbé òrùka jáde tó fi èékánná mẹ́fà gbé dáyámọ́ńdì sókè kúrò lára òrùka, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rí i láti ìhà gbogbo. Àṣà náà gbilẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú àléébù rẹ̀: ohun tó bá yọrí sókè bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń gbá a.

Lára iṣẹ́ kundan ti Íńdíà, wọ́n ṣì ń dí ẹ̀yìn pa, kò sì sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní àìmọ̀ọ́ṣe. Góòlù pọ́nńbélé tí wọ́n ti lù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ yí òkúta ká, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìsí iná, torí pé kò ní àdàlù kankan. Rírọ̀ tó ba kárátì 24 jẹ́ lára èékánná ló sọ ọ́ di ààyò níbẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n bí irin dídán ti wà lẹ́yìn òkúta rẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nù ún. Wọn kì í rì í sómi.