Ìró Méjìlá Péré: Bí Riff Gìtá Ṣe Ń Wọni Létí Tí Kì Í Jáde

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gìtá mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan á wọlé, á gbé gìtá kan kúrò lára ògiri, á jókòó, á fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó fa ẹ̀ẹ̀kẹrin, gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ti mọ orin tó fẹ́ lù: "Smoke on the Water", tí ẹgbẹ́ Deep Purple láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde nínú àwo wọn ti ọdún 1972. Ọmọ náà lè má mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin ọ̀hún. Àwọn òbí rẹ̀ pàápàá lè má tíì dáyé nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ègé orin kékeré tó ń padà wá léraléra bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin ń pè ní riff. Kì í ṣe ègbè, kì í sì í ṣe lílé. Iṣẹ́ tí gángan ń ṣe nígbà tí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ni riff ń ṣe fún orin rock: ìlù á ké, ẹni tó wà nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé á ti mọ̀ pé ìròyìn dé, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ìyàtọ̀ wọn ni pé gángan ń sọ̀rọ̀, riff kò sọ nǹkan kan. Síbẹ̀ ó ń ròkè, ó ń rodò bí ohùn èèyàn, ó sì ní ibi tó ti ń mí.

Bí a bá tú ti Deep Purple palẹ̀, ìró méjìlá ni, gbogbo rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ. Okùn méjì ni Ritchie Blackmore, onígìtá ẹgbẹ́ náà, ń fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ fà wọ́n láì tẹ̀ wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n ní ojú kẹta lára ọrùn gìtá (ojú ni àlàfo tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ pín ọrùn náà sí), ó tẹ̀ wọ́n ní ojú karùn-ún, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀: láì tẹ̀, ojú kẹta. Etí ti ń retí ojú karùn-ún, àfi gìrì tó bọ́ sí ẹ̀ẹ̀fà, kó tó yọ̀ padà sí ìkarùn-ún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gòkè bíi ti àkọ́kọ́, ó sì gba ọ̀nà tó bá lọ sọ̀ kalẹ̀ wá sílé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú kẹfà yẹn yọjú. Òun ni ata inú ọbẹ̀ náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ìyókù á dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá sì fi í sí gbogbo ìlà, kò ní ta ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Etí èèyàn fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n tan òun díẹ̀, kí wọ́n tó wá fún òun ní ohun tí òun ń retí.

Ìdákẹ́ àárín àwọn ìlà yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Níbi tí gìtá ti mí ni orí ẹni tó ń gbọ́ ti ń mì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń kilẹ̀. Lórí àwo náà, gìtá ló kọ́kọ́ dá a ṣe, lẹ́yìn náà ni ìlù, dùùrù Jon Lord àti báàsì Roger Glover ń wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀, riff ò sì yí padà. Kí Ian Gillan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ẹni tó ń gbọ́ ti lè fẹnu ṣe é. Ìròyìn iná gidi ni Gillan sì ń sọ, iná tó jó ilé kasínò Montreux ní Switzerland ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1971, nígbà tí Frank Zappa ń ṣeré lọ́wọ́. Mélòó nínú àwọn tó ń fẹnu ṣe riff náà ló mọ̀?

Lórí gìtá onígi lásán, ìró méjìlá yẹn á dùn, àmọ́ kò ní já èèyàn láyà. Áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ló ń fún un lágbára. Nínú okùn méjì tí Blackmore fà láì tẹ̀, ọ̀kan ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 147 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń gbọ̀n ìgbà 196. Bí áńpù bá rọra gbé wọn, àwọn méjèèjì nìkan ni a ó gbọ́. Bí wọ́n bá yí i sókè ju ohun tó lè gbé lọ, orí ìgbì ohùn á fara gbá àjà, á sì gé pẹrẹsẹ. Láti ibi tó ti gé yẹn ni àwọn ohùn tuntun ti ń yọ, ohùn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ fà. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì: yọ 147 kúrò nínú 196, ó ku nǹkan bí 49. Ohùn kan náà sì ni 49 àti 196, àfi pé 49 wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní àgbègbè báàsì. Okùn méjì péré ni wọ́n fà, erin kan ti dìde lábẹ́ wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn onígìtá rock fi máa ń yọ ohùn àárín kúrò. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ń ka sol-fa mọ̀ pé "me" tó wà láàárín "doh" àti "soh" ló ń sọ bóyá orin ń yọ̀ tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀. Bí "doh" bá jẹ́ 196, "me" á jẹ́ nǹkan bí 247. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 51, ohùn tí kò bá èyíkéyìí nínú wọn tan, nínú áńpù tó ti kún àkúnya rúdurùdu ló sì ń dà. Nítorí ariwo ni wọ́n ṣe yọ ọ́, àmọ́ èrè mìíràn bá a wá: riff kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún. Ẹni tínú ń bí á gbọ́ ọ, ẹni tó ń lọ sóde ijó á gbọ́ ọ, kálukú á sì rò pé tòun ni.

Àléébù ni ohùn gbígé yìí lójú àwọn tó ń ṣe áńpù nígbà náà. Ní 1964, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks mú abẹ fẹ́lẹ́, ó fi ya páálí inú sípíkà áńpù kékeré kan kó lè máa kẹ̀. Híhó tí à ń gbọ́ nínú "You Really Got Me" nìyẹn. Lọ́dún kejì, Keith Richards ti Rolling Stones fi ẹ̀rọ kékeré kan mú gìtá rẹ̀ kẹ̀ nínú "Satisfaction", ó sì lérò pé àwọn afunfèrè ló máa gbaṣẹ́ náà tó bá yá. Ohùn mẹ́ta péré ló wà nínú riff yẹn. Lóru ni riff náà wá sí Richards lọ́kàn. Ó gbà á sínú téèpù, oorun tún gbé e lọ, híhanrun ló sì kún ìyókù téèpù náà.

Ti Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, tilẹ̀ ju ti abẹ fẹ́lẹ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní Birmingham. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike ìgò, ó fi ṣe fìlà fún àwọn ìka náà, ó wá okùn tó rọ̀, nígbà tó sì yá ó tún dẹ okùn ọ̀hún sílẹ̀. Ohun tí ìka bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ láì ní wàhálà ni ohùn méjì-méjì, tó wúwo, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. "Iron Man" ti Black Sabbath, 1970, nìyẹn.

Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí ò dá a sílẹ̀ o. Inú rẹ́kọ́ọ̀dù blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nínú "Mannish Boy" tí Muddy Waters ṣe ní Chicago ní 1955, riff kan ṣoṣo ló ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Muddy á lé e, ó dákẹ́, riff á gbè é. Ẹni tó bá ti dúró nídìí agbo eré rí mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Abájọ tó fi rọrùn fún Ginger Baker, onílù tó wà lẹ́yìn "Sunshine of Your Love" ti ẹgbẹ́ Cream, láti jókòó ti Fẹlá, kó bá a ṣe àwo ní 1971, kó sì wá kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà. Ohun tí gìtá ń tún sọ nínú orin Fẹlá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò jìnnà sí riff.

Nígbà tí riff bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ó lè fi gìtá sílẹ̀ pátápátá. Ìró méje ni ti "Seven Nation Army" tí White Stripes gbé jáde ní 2003. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gbé e wọ pápá, ó sì di ariwo ayọ̀ àwọn ará Ítálì nígbà tí wọ́n gba Ife Àgbáyé ní Jámánì ní 2006. "Po po po" ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn má mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó ti ṣì í lù. Ìka ni Blackmore fi ń fa okùn méjèèjì kí wọ́n lè dún pọ̀, àmọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá máa ń wá okùn kan ṣoṣo, wọn á fi ìka kan máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Kò sí okùn kejì, kò sí ohùn erin lábẹ́, nígbà míì gìtá náà ò tilẹ̀ bára mu. Ẹni tó ń tajà nídìí káńtà ṣì ti mọ̀ ọ́n, ó ti ń mi orí.