Ẹgbẹ́ Rótárì ní Èkó: kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn?

Ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ lè bá àwọn ọmọ Rótárì pàdé, ẹgbẹ́ àgbáyé ti àwọn oníṣẹ́ àti oníṣòwò tó ń ṣe iṣẹ́ àánú: ọkùnrin oníkóòtù, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báǹkì dé, báàjì kékeré tó rí bíi kẹ̀kẹ́ eléyín láyà gbogbo wọn. Aago á dún, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹ̀rín, tí ẹnì kan á sì máa sanwó nítorí pé ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Ohun tí àwọn tó ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn máa ń béèrè nìyí.

Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ awo?

Rárá o. Ìfura yẹn nídìí ṣá, torí Èkó mọ Ògbóni, ó sì mọ àwọn Máṣọ́ǹ (Freemasons). Ẹgbẹ́ tó bá ń lu aago, tó ń lẹ báàjì, tí kì í gba gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, kíá la ó ti fún un lórúkọ. Róòmù pàápàá fura: ní 1951, ìjọ Kátólíìkì gbé àṣẹ jáde pé àlùfáà wọn kò gbọ́dọ̀ wọ Rótárì. Ṣùgbọ́n kò sí ìmùlẹ̀ níbẹ̀, àlejò a sì máa jókòó títí ìpàdé á fi parí. Ẹgbẹ́ awo wo ló ń gbé fọ́tò ìpàdé rẹ̀ sí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ta ló dá a sílẹ̀?

Paul Harris, lọ́yà kan ní Chicago, ló pàdé àwọn mẹ́ta kan ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905: ẹni tó ń ta èédú, onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà, àti télọ̀. Ọ́fíìsì ara wọn ni wọ́n ń pàdé sí kiri. Ẹnì kan péré ni wọ́n ń mú nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí télọ̀ méjì má baà máa du oníbàárà kan náà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ọ̀rọ̀ ajé wà nínú ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ní Èkó dòní, agbaṣẹ́ṣe ń pàdé oníbáǹkì, oníbáǹkì ń pàdé lọ́yà. Ní 1907 ni iṣẹ́ ìlú wọn àkọ́kọ́ wáyé, ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn láàárín Chicago. Ẹni tí inú ti run rí lábẹ́ afárá Ọ̀ṣọ́dì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Kí ló dé tí ẹni tí inú rẹ̀ dùn fi ń sanwó?

Ibi tó ń ya àlejò lẹ́nu jù nìyí. Ẹgbẹ́ a máa yan ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní sájẹ́ǹtì. Òun ló ń tọ́jú ètò, òun náà ló ń tanràn: ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó gbàgbé báàjì sílé, ẹni tí fóònù rẹ̀ ké nígbà tí àlejò ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ṣàjèjì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń gba owó ìtanràn. Owó ayọ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀, ẹni tó ṣọjọ́ ìbí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde yunifásítì á dìde, á sọ ọ́, á sì ju owó sínú abọ́. Lóde àríyá, olóde là ń náwó fún. Níbí, olóde ló ń náwó fún ẹgbẹ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni. Gbogbo wọn á mọ ohun tó ń lọ nílé ara wọn láìsí òfófó, owó á sì wọ àpò iṣẹ́ àánú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n tún ń ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor, oníṣòwò kan ní Chicago, kọ ní 1932, nígbà tó ń gba ilé iṣẹ́ ìkòkò kan tó fẹ́ kógbá sílé là: ṣé òótọ́ ni, ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, ṣé á mú ọ̀rẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ wá, ṣé á ṣe gbogbo wọn láǹfààní? Ẹ fi bi àwọn tó ń ta ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí wò.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2016, òfin gbà kí ẹgbẹ́ pàdé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó kéré tán. Ẹni tí ìpàdé tirẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè lọ jókòó ti ẹgbẹ́ mìíràn, ìbáà ṣe Ìbàdàn tàbí London. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, tí ìpàdé rẹ̀ wà ní Ìkẹjà, mọ rírì àyè yẹn lọ́jọ́ tí Third Mainland Bridge bá dí pa.

Kànga-dẹ̀rọ tí àwọn ẹgbẹ́ Rótárì ń gbẹ́ káàkiri, kí ló ń jẹ́ kí òmíràn tètè dákẹ́?

Ọdún kan péré ni ààrẹ ẹgbẹ́ ń lò. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ló ń gorí àga, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó tẹ̀lé e ló ń sọ̀kalẹ̀. Láàárín oṣù méjìlá yẹn, ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ògiri níbì kan. Wọ́n á gbẹ́ kànga, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di ọdún kejì, pọ́ǹpù á jóná tàbí kí owó epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ààrẹ tuntun á sì ti ní kànga tirẹ̀ tó fẹ́ gbẹ́. Àwọn kan á ní ará àdúgbò ló bà á jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ètò náà ló ní àléébù.

Síbẹ̀, ètò ọlọ́dún kan yìí náà ló bá wa gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Rótárì kò dá a ṣe, ìjọba wà níbẹ̀, WHO àti UNICEF náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1985 ni wọ́n ti gbé e léjìká. Ní 2003, Kano dá àjẹsára àrùn náà dúró, torí àwọn kan ní yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn. Lọ́dún kan náà ni Jonathan Majiyagbe, lọ́yà kan láti Kano yẹn gan-an, di ààrẹ Rótárì lágbàáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Oṣù méjìlá ni òun náà lò, iṣẹ́ kò sì tíì parí nígbà tó kúrò. Ní 2016 ni Nàìjíríà rí irú àrùn náà tó jẹ́ àdánidá, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, kẹ́yìn, ní Borno. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú yẹn ti kúrò ní Áfíríkà. Kò sí ààrẹ kankan tó lè pè é ní tòun: ẹni tó bá dé, ibi tí ti ìṣáájú bá a dé ló ti ń gbà á. Tí ẹgbẹ́ bá lè ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, kànga náà á máa bá ọ̀nà yẹn lọ.

Ṣé wọ́n jọ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú Island Club?

Ó tì. Island Club (1943) àti Yoruba Tennis Club (1926), Oníkàn ni àwọn méjèèjì wà, fún fàájì àti eré ìdárayá. Lions ló sún mọ́ Rótárì. Chicago ni wọ́n ti dá òun náà sílẹ̀ ní 1917, ọ̀rọ̀ ojú ló sì jẹ ẹ́ lógún jù.

Ta ló lè wọ ọ́, èló sì ni?

Láti 1989 ni àyè ti ṣí fún obìnrin. Owó ẹgbẹ́ kò dọ́gba káàkiri, ẹ fi oúnjẹ àti aṣọ ìgbàjọba ààrẹ kún un. Ẹni tó bá dá $1,000 sí àpò àjọ wọn lágbàáyé ni wọ́n ń pè ní Paul Harris Fellow, kò sì pọn dandan.

Tí mo bá fẹ́ lọ wò ńkọ́?

Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan, kó mú yín lọ bí àlejò. Ẹ jókòó nínú ìpàdé bíi mẹ́ta. Bó bá wù yín, òun ló máa dárúkọ yín fún àwọn yòókù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Sátidé.