Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn láì wa ilẹ̀ Ifẹ̀

Ìbéèrè: Ifẹ̀ la wà, àpáàdì kún ẹ̀yìn kíláàsì wa. Ṣé a ò kúkú lè fún àwọn ọmọ lọ́kọ́ kí wọ́n wa ibẹ̀?

Ẹ má dán an wò. Òfin orílẹ̀-èdè wa, ti 1979, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ohun àtijọ́ láì gba ìwé àṣẹ. Ohun tọ́mọ bá rí nílẹ̀, kó fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá. Ilẹ̀ tá a bá sì ti wa, kò ṣeé wa lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Kí la ó wá fi kọ́ wọn?

Àpótí. Ẹ kan pákó tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ibi tí yóò máa wà ni kẹ́ ẹ ti kàn án, torí iyẹ̀pẹ̀ bárò mẹ́rin ni yóò wọ inú rẹ̀. Tó bá kún, kò ṣeé gbé mọ́.

Ẹ ra ìkòkò amọ̀ tuntun méjì lọ́jà. Ẹ fi wọ́n sínú àpò ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi òòlù fọ́ wọn: ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ìkejì sí nǹkan bí ọ̀nà 15. Etí àfọ́kù máa ń mú, kí gbogbo ọmọ wọ bàtà.

Ẹ kọ́kọ́ da ilẹ̀ pupa sí i, sẹ̀ǹtímítà 8, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ wá to àfọ́kù wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ lóòró, etí ló ń wo òkè: ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dagun sósì, bí eegun ẹja, kẹ́ ẹ fi òkúta funfun kéékèèké sí i láàárín. Irú ilẹ̀ alápàáàdì tó wà ní Ìta Yemòó, nínú Ifẹ̀ níbí, nìyẹn, tí àwọn àgbà Ifẹ̀ ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Ìpele kejì, ilẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ pò mọ́ eérú àti èédú, sẹ̀ǹtímítà 8 náà. Inú ìpele yìí ni kẹ́ ẹ fi àfọ́kù ìkòkò kejì, ìlẹ̀kẹ̀ àti eegun adìẹ sí. Tòkè, yanrìn, tòun ti ọ̀rá piọ́wọ́tà àti ìdérí ìgò.

Omi ló sábà ń ba èyí jẹ́. Ẹ kàn wọ́n ọn díẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá bomi rin ín bí ẹ̀fọ́, eérú á wọ inú ilẹ̀ pupa, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ẹrẹ̀ kan náà, ọmọ kankan ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe máa wà á?

Ẹ fi okùn pín in sí mẹ́rin: A, B, D, E. Ṣíbí àti búrọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe ọkọ́. Kí wọ́n dojú ṣíbí délẹ̀, kí wọ́n máa há ilẹ̀ kúrò ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Ọmọ tó bá ń gbẹ́ ihò bí ẹni tó ń wu iṣu ti já ìpele mẹ́ta pọ̀. Ẹni tó bá rí ìlẹ̀kẹ̀ á fẹ́ fà á yọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kó kọ́kọ́ fi rúlà wọn ọ̀n láti ibi okùn títí dé orí rẹ̀, kó kọ ọ́ sí pélébé ìwé: “B, ìpele 2, sẹ̀ǹtímítà 17”, kó tó fi òun àti ìwé sínú ọ̀rá kan náà. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́; báírò máa ń pa rẹ́ nínú ọ̀rinrin.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ ní wíwọ̀n yìí ti pọ̀ jù. Kí ló wúlò fún?

Ẹ tú ọ̀rá kan tí kò níwèé sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀. Wọn ò ní lè sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ní Ifẹ̀, ní 1938 nìyẹn: àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló hú àwọn ère orí idẹ jáde, kò sẹ́ni tó wọn ìpele tí wọ́n ti rí wọn. Gbogbo ayé ló mọ ẹwà àwọn orí náà, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ò tán lórí ọjọ́ orí wọn. Ní Ìta Yemòó, ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí ère idẹ níbẹ̀ náà, àmọ́ awalẹ̀pìtàn Frank Willett débẹ̀, ó wa ilẹ̀ náà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ìkòkò kejì ńkọ́?

Kí wọ́n tò ó padà. Ìdí ìkòkò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi tépù bébà mú gbogbo rẹ̀ pọ̀ ná, torí bí àfọ́kù kan bá wọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ò ní wọlé. Gọ́ọ̀mù funfun tó ń yọ nínú omi ló dára. Èyí tó ń gan lójú ẹsẹ̀ ò ṣeé tú. Bí àfọ́kù kan bá ṣì dín, ẹ lọ wo òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ dà nù láì jọ̀ ọ́.