Bí àyẹ̀wò ilé ṣe ń lọ kí èèyàn tó rà á ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, òórùn ọ̀dà a gba àdúgbò kan. Ojúde Ọba ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti Èkó àti ìdálẹ̀ bọ̀ wálé, kò sì sí onílé tó fẹ́ kí ògiri òun dọ̀tí lójú àlejò. Ìyẹn dára. Àsìkò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ilé rà máa ń rí èyí tó wọ̀ wọ́n lójú, ọ̀dà tuntun sì lè bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ohun tí éjẹ́ǹtì ń pè ní ìnsípẹ́kṣọ̀n, tó ń gba owó rẹ̀ kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ dání, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ìwòran ni. Ẹnjiníà ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tàbí ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó mọṣẹ́ dunjú, ló ń ṣe àyẹ̀wò gidi. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ni kó wá a, òun náà ni kó sanwó fún un. Ẹni tí éjẹ́ǹtì bá bá a wá, ó ṣòro kírú ẹni bẹ́ẹ̀ la ẹnu sọ ohun tó máa ba ọjà jẹ́.

Fún ilé oníyàrá mẹ́ta, àyẹ̀wò máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìta ni ẹnjiníà yóò ti bẹ̀rẹ̀, omi ló sì ń wá ju ohun gbogbo lọ. Ibo ni òjò ń gbà wọlé, ibo ló ń gbà jáde? Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ wa káàkiri, àgbàrá sì máa ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ títí fáǹdéṣọ̀n yóò fi yọ síta. Bí ilé bá wà lẹ́bàá àkùrọ̀, yóò wo fẹ́ǹsì, títí kan ti aládùúgbò tí wọn kò kùn lọ́dà. Ìlà ẹrẹ̀ tó fa gbọọrọ lára fẹ́ǹsì ni ibi tí omi gòkè dé nígbà òjò tó kọjá. Éjẹ́ǹtì lè sọ pé omi kì í dé ibẹ̀, ìlà yẹn ti jẹ́rìí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ògiri. Ibi tí pílásítà kàn sán wẹ́wẹ́ bí irun orí kì í sábà lẹ́rù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó dagun lọ sísàlẹ̀, tó sì hàn nínú àti lóde, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: ó ṣeé ṣe kí apá kan fáǹdéṣọ̀n ti rì. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ a fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ògiri lanu dé, a kọ ọjọ́ síbẹ̀. Bó bá padà wá tí ó ti kọjá ìlà yẹn, ilé ṣì ń rìn nìyẹn.

Láwọn àdúgbò àtijọ́, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lóde ṣì pọ̀, ó sì lè jọ ilé búlọ́ọ̀kù lójú ẹni tí kò mọ̀. Fèrèsé ló ń tú àṣírí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí bí ògiri ṣe nípọn tó. Ògiri búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì pẹ̀lú pílásítà kì í sábà ju 11 ínṣì lọ, ti amọ̀ sì máa ń nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilé alámọ̀ kì í ṣe ilé burúkú, ó tutù, ó sì ń pẹ́ bí omi kò bá dé ara rẹ̀. Àmọ́ sìmẹ́ńtì kì í di amọ̀ mú pẹ́. Ẹnjiníà yóò fi ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, pílásítà ti ṣí kúrò lára amọ̀ níbẹ̀.

Nínú ilé, kó má yà yín lẹ́nu bí ẹnjiníà bá ní kí wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àga. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rinrin máa ń sá sí. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tó ń hù sí ẹsẹ̀ ògiri fi hàn pé omi ń gòkè láti ilẹ̀, ọ̀dà kì í sì í wo irú àìsàn yẹn sàn. Ó yẹ kó gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó wo páànù tó jò àti igi tí ikán ti jẹ. Bí kò bá gun àjà, àyẹ̀wò kò tíì parí.

Ti iná kì í pẹ́. Wáyà 1.5 mm² ni ti gílóòbù, 2.5 mm² ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀rọ amúlétutù sì yẹ kó tó 4 mm². Yóò tún wo mítà.

Kànga àti súkàwéè ni kí wọ́n fara balẹ̀ wọ̀n. 30 mítà, ìyẹn nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fẹ́ láàárín méjèèjì. Lórí ilẹ̀ ilé kan ṣoṣo, ó ṣòro kó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gbé omi kànga lọ yẹ̀ wò. Kí wọ́n wo súkàwéè aládùúgbò náà, torí fẹ́ǹsì kò dí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́nà.

Ẹnjiníà kò ní fọ́ ògiri onílé, kò sì lè rí irin tó wà nínú dẹ́kìn. Kì í yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Lọ́yà àti sọ̀fíyọ̀ ló ni ìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ ilé ẹbí, níbi tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí títà rẹ̀.

Àbọ̀ àyẹ̀wò máa ń jáde ní kíkọ, pẹ̀lú fọ́tò: èyí tó léwu, èyí tó ń fẹ́ àtúnṣe láìpẹ́, àti èyí tó lè dúró. Kì í sọ pé kí èèyàn rà tàbí kó má rà. Òun ni wọ́n fi ń dúnàádúrà. Ní 2024 àti 2025, oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ìgbà òjò gan-an. Bí ilé bá wuni lásìkò bẹ́ẹ̀, kí owó ṣì wà lọ́wọ́ ná. Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kí èèyàn padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.