Kẹ́ ẹ tó ra ìwé kékeré nípa Churchill fọ́mọ yín

Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ń ṣe, àwọn òbí sì máa ń bi mí pé ìwé pẹlẹbẹ wo ló dáa fọ́mọ tó fẹ́ mọ̀ nípa Winston Churchill, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà ogun Hitler.

Ẹ̀yìn ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n to orúkọ àti nọ́ńbà ojú ìwé sí, kẹ́ ẹ wá Gallipoli, ibì kan ní Turkey tí Bìrìtéènì àtàwọn tí wọ́n jọ ń jà fẹ́ gbà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lọ́dún 1915 Churchill ló ń darí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó wà lára àwọn tó ń ti ètò láti gbógun lọ síbẹ̀ lẹ́yìn jù, ọmọ ogun ṣòfò rẹpẹtẹ, wọ́n yọ ọ́ nípò, nígbà tó fi máa di November ó ti fìjọba sílẹ̀, ó gba ojú ogun lọ ní Faransé. Ìwé tó bá fo ìyẹn tó kàn bọ́ sí May 1940 tó gorí àléfà, oríkì lásán ni wọ́n kọ.

Ẹ wá Bengal náà. Ìyàn mú níbẹ̀ ní 1943, Bìrìtéènì ló ṣì ń ṣàkóso Íńdíà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn ló kú, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn dòní lórí bí ẹ̀bi Churchill ṣe pọ̀ tó. Mi ò ní kí ìwé dá a lẹ́bi o, kó ṣá sọ pé àríyànjiyàn wà.

Èyí tó kàn wá gan-an rèé: ní August 1941 Churchill àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé ìkéde kan tí wọ́n ń pè ní Atlantic Charter jáde, pé kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tó wù ú. Attlee tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba sọ fún WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ West Africa tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní London, pé gbogbo ẹ̀yà ló kàn. September ò tíì tán tí Churchill fi sọ nílé aṣòfin pé àwọn ará Yúróòpù tí Hitler gba ilẹ̀ wọn ló wà lọ́kàn àwọn. Ó máa ń dùn mí tí ìwé bá fi èyí sílẹ̀, ṣebí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà lọ jà ní Burma nínú ogun yẹn.

Tí ìwé bá sì kó ọ̀rọ̀ jọ pé Churchill ló sọ ọ́, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ sí i, torí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí Facebook kì í ṣe tiẹ̀. Tí ò bá sọ́jọ́, tí ò síbi tó ti sọ ọ́, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ mú òmíì.