Snapshot VM Kò Lè Gba Host Là

Kí wọ́n tó gbé host ESXi (sáfà tó ń lo ètò VMware láti gbé ọ̀pọ̀ VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́ lọ sí tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ya snapshot (ipò tí VM wà ní àkókò kan, tí èèyàn lè padà sí) gbogbo VM tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yà á tán, ọkàn wọn á balẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá dojú rú, àwọn á kàn padà sẹ́yìn ni. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, torí àwọn tó ń ṣọ́ra ló sábà máa ń gbára lé e.

Ti VM nìkan ni snapshot. Bí ẹ bá yà á, ESXi kò ní kọ nǹkan sórí dísìkì VM náà mọ́. Á ṣí fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní delta, ibẹ̀ ni gbogbo àyípadà á sì máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn, delta yẹn lẹ máa dà nù. Níbo ni àdírẹ́sì IP host wà nínú gbogbo èyí? vSwitch, ìyẹn ètò tó so àwọn VM pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ńkọ́? Dírafà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Bí host bá kọ̀ tí kò dìde mọ́, snapshot kò ní nǹkan kan tó lè dá padà fún un.

Àwọn VM fúnra wọn? Gbígbé host lọ sí ẹ̀dà tuntun kì í fọwọ́ kan fáìlì wọn lórí datastore, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì VM sí. Bí host mìíràn bá ń rí datastore náà, ẹ forúkọ fáìlì .vmx (tó ní ètò VM nínú) sílẹ̀ lórí rẹ̀, VM á tàn, ì báà ní snapshot, ì báà má ní. Bó bá sì jẹ́ datastore gan-an ló bàjẹ́, delta á bá a lọ, torí ibì kan náà ni òun àti dísìkì wà. Backup tó wà níbòmíràn nìkan ló ń gbani lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Bí a bá fẹ́ fi nǹkan tuntun sínú Windows tàbí Linux tó wà nínú VM, snapshot wúlò gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni vCenter, ètò tí wọ́n fi ń darí àwọn host, torí VM lòun náà sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀: VMware fúnra wọn ní kí ẹnikẹ́ni má fi snapshot kan sílẹ̀ ju wákàtí 72 lọ. Delta ń wú, bí datastore bá sì kún, àwọn VM á dá dúró.

Host ní ọ̀nà àbọ̀ tirẹ̀. Ó ní bootbank àti altbootbank, apá méjì lórí dísìkì tó ń gbé ẹ̀dà ESXi; ẹ̀dà àtijọ́ máa ń wà nínú ọ̀kan, Shift+R nígbà tó bá ń tàn ló sì ń pè é padà. Ṣùgbọ́n láti ESXi 6.5 tàbí 6.7 lọ sí 7.0, ọ̀nà yẹn ti dí, torí ẹ̀dà 7.0 pín dísìkì tí host fi ń tàn lọ́nà mìíràn. Ẹ máa tún un fi sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe `vim-cmd hostsvc/firmware/backup_config`, àṣẹ tó ń kó ètò host sínú fáìlì, kí ẹ gbé fáìlì tó bá jáde kúrò lórí host, kí ẹ sì tọ́jú ISO (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé ESXi sórí ẹ̀rọ) àtijọ́ pẹ̀lú, torí orí build (nọ́ńbà ẹ̀dà ESXi gan-an) kan náà nìkan ni fáìlì yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó sì máa ń fa ìjákulẹ̀ gan-an ni ara ẹ̀rọ. Ẹ̀dà 7.0, tó jáde ní 2020, yọ àwọn dírafà vmklinux, irú àtijọ́ tí wọ́n mú láti ara Linux, kúrò, ó sì kọ àwọn CPU Westmere ti Intel. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lo dírafà bẹ́ẹ̀ kò ní hàn mọ́ bí host bá tàn padà. Ẹ yẹ gbogbo ẹ̀rọ yín wò nínú Compatibility Guide VMware (àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó bá ESXi mu) ṣáájú, kí ẹ sì gbé vCenter lọ sókè kí ẹ tó kan àwọn host.

Lẹ́yìn náà, ẹ má kánjú gbé hardware version àwọn VM (nọ́ńbà irú ẹ̀rọ tí ESXi ń fi hàn wọ́n) sókè. Èyí tó bá ti di 20 lórí ESXi 8.0 kò ní ṣiṣẹ́ lórí host tó ṣì wà ní 7.0, àfi bí ẹ bá ti ya snapshot rẹ̀ kí ẹ tó yí i padà, tí ẹ sì padà sí snapshot náà.